Ìfòòró láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé àti òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Ìfòòró láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé ni ìwà tí ọmọ kan, tàbí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ kan, ń hù léraléra sí ọmọ mìíràn tí agbára rẹ̀ kò tó tiwọn, pẹ̀lú èrò láti pa á lára, láti dójú tì í tàbí láti gba ohun ìní rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Èkó sábà máa ń pè é ní búlì. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2003, èyí tí Ìpínlẹ̀ Èkó sọ di òfin tirẹ̀ ní ọdún 2007, kò dárúkọ ìfòòró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀ kan tí ó dá dúró. Ẹ̀tọ́ tí ọmọdé ní sí iyì ara rẹ̀, sí ẹ̀kọ́ àti sí ìtọ́jú ni a fi ń dáàbò bo ọmọ tí wọ́n ń fòòró.

Ohun tí ó mú ọ̀ràn yìí yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ìwà ipá mìíràn ni pé ọmọdé ni ẹni tí a ṣẹ̀, ọmọdé náà sì ni ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́. Òfin kan náà ni ó dáàbò bo àwọn méjèèjì. Nítorí èyí, ìdènà àti ìfisùn ní kùtùkùtù ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ ju ìjìyà lọ.

Ìtumọ̀ àti oríṣi

Dan Olweus, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá tí ó ṣiṣẹ́ ní Sweden àti Norway, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìwádìí tí ó gbòòrò lórí ìfòòró ní ilé-ìwé, ní àwọn ọdún 1970. Ohun mẹ́ta ni ó fi dá a mọ̀. Èkíní, a mọ̀ọ́mọ̀ hu ìwà náà ni. Èkejì, ó ń wáyé léraléra. Ẹ̀kẹta, agbára ẹni tí ń hù ú ju ti ẹni tí a ń hù ú sí lọ. Nítorí náà, ìjà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ọmọ méjì tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn kì í ṣe ìfòòró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ta ko òfin ilé-ìwé. Bákan náà, àwàdà tí àwọn méjèèjì jọ ń rẹ́rìn-ín sí kì í ṣe ìfòòró. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń rẹ́rìn-ín, tí ẹnì kejì sì ń wá ibi tí yóò sá sí, àwàdà ti kúrò níbẹ̀.

Èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó kó gbogbo ìtumọ̀ yìí já, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ fún apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Ìfòòró ni kí a máa da ẹnì kan láàmú títí tí kò fi ní ní ìsinmi. Ìfínràn ni kí a máa wá ìjà ẹni tí kò wá tiwa. Ìyànjẹ ni kí a gba ohun tí ó tọ́ sí ẹnì kan nítorí pé kò lè gbèjà ara rẹ̀. Ìhàlẹ̀ ni kí a fi ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe dẹ́rù bà á. Àpilẹ̀kọ yìí lo ìfòòró fún gbogbo wọn lápapọ̀.

Oríṣi mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀:

Ti ara: lílù, títì ṣubú, àti fífi agbára gba oúnjẹ, owó ọkọ̀ tàbí ìwé.

Ti ọ̀rọ̀: pípe ọmọ ní orúkọ ìnagijẹ tí kò fẹ́, fífi àbùkù ara, ẹ̀yà, ipò òbí tàbí bí ó ṣe ń sọ èdè ṣe é ní yẹ̀yẹ́.

Ti ẹgbẹ́: kí àwọn ọmọ kíláàsì fohùn ṣọ̀kan láti má bá ọmọ kan ṣeré, tàbí kí wọ́n máa tan irọ́ kálẹ̀ nípa rẹ̀.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì: fífi àwòrán tàbí fídíò tí ó lè dójú ti ọmọ ránṣẹ́ sínú àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp tàbí sí orí ìkànnì mìíràn, àti fífi ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ ránṣẹ́ sí i.

Ní àwọn ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, ó ti pẹ́ tí ó ti jẹ́ àṣà pé kí sìníọ̀ máa rán júníọ̀ ní iṣẹ́, bíi omi pípọn tàbí aṣọ fífọ̀. Níbi tí ọmọ kékeré bá ti ń jẹ ìyà nítorí pé ó kọ iṣẹ́ náà, tàbí nítorí pé kò yára jẹ́ ẹ, iṣẹ́ rírán ti di ìfòòró. Àwọn kan máa ń fi ọ̀wọ̀ tí àṣà Yorùbá ní fún àgbà gbè é lẹ́sẹ̀. Àṣà kan náà ni ó sì sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìtumọ̀ òwe yìí ni pé àgbà àti èwe nílò ara wọn. Òwe náà kò fún ẹni tí ó jẹ́ àgbà ní àṣẹ láti fi ìyà jẹ èyí tí ó kéré.

Ìfòòró kò mọ sí Nàìjíríà. Nínú ìròyìn kan tí àjọ UNESCO gbé jáde ní ọdún 2019, ó fihàn pé nǹkan bí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní àgbáyé ni àwọn ẹgbẹ́ wọn ti fòòró láàárín oṣù kan ṣáájú ìwádìí náà. Láti ọdún 2020 ni àjọ náà ti ya Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ àgbáyé tí a fi ń tako ìwà ipá àti ìfòòró ní ilé-ìwé, èyí tí ó wáyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú.

Ìtàn òfin ọmọdé ní Èkó

Ìjọba amúnisìn ni ó kọ́kọ́ dá iṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn ọmọdé sílẹ̀ ní Èkó gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìjọba. Ní ọdún 1941 ni wọ́n yan Donald Faulkner láti bójútó ọ̀ràn àwọn ọmọdé ní ìlú náà. Ní ọdún 1943 ni wọ́n ṣe òfin kan lórí àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Ohun tí ó jẹ wọ́n lógún nígbà náà ni àwọn ọmọkùnrin tí ń sùn ní ìta àti àwọn ọmọbìnrin tí ń kiri ọjà. Òfin náà wo ọmọdé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ìjọba gbọ́dọ̀ mú kúrò ní ìgboro, tàbí tí ó gbọ́dọ̀ tún kọ́. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ohun tí ọmọ náà lè béèrè fún gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́.

Ìwòye yìí bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lẹ́yìn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1989. Nàìjíríà di ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí àdéhùn náà dè ní ọdún 1991. Ní ọdún 1990 ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe àdéhùn tiwọn lórí ẹ̀tọ́ àti ìgbáyé-gbádùn ọmọdé. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1999, Nàìjíríà sì tẹ́wọ́ gbà á ní ọdún 2001. Àdéhùn méjèèjì ni ó pàṣẹ fún ìjọba láti dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ìwà ipá àti ìlòkulò, yálà ní ilé ni o tàbí ní ilé-ìwé.

Láti mú àwọn àdéhùn wọ̀nyí ṣẹ ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣe buwọ́ lu Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2003. Níwọ̀n bí ọ̀ràn ọmọdé kò ti sí lára àwọn ohun tí òfin-ìpìlẹ̀ fi sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti ṣe òfin náà fúnra rẹ̀ kí ó tó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007.

Ohun tí òfin sọ

Nọ́ńbà àwọn abala tí a tọ́ka sí nísàlẹ̀ yìí jẹ́ ti òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2003, tí òfin Èkó tẹ̀lé ìlànà rẹ̀. Lójú òfin náà, ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18 ni ọmọdé (abala 277). Ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀ sì ni pé ohun tí yóò ṣe ọmọ náà ní àǹfààní jù lọ ni a gbọ́dọ̀ fi ṣáájú nínú ìpinnu èyíkéyìí tí ó bá kàn án (abala 1).

Ọmọ tí wọ́n ń fòòró

Abala 11 sọ pé gbogbo ọmọdé ni ó ní ẹ̀tọ́ sí iyì ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa á lára, tàbí kó ìdààmú bá ọkàn tàbí èrò inú rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ lò ó nílòkulò, kò sì gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí yóò tẹ́ ẹ lógo. Gbólóhùn yìí gbòòrò tó láti kó lílù, ìhàlẹ̀ àti yẹ̀yẹ́ pọ̀. Kò sì sọ pé àgbàlagbà nìkan ni a kò fi àyè gbà láti ṣe é.

Abala 15 fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó jẹ́ dandan ní ìpele ìpìlẹ̀. Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ fún Gbogbo Ènìyàn ti ọdún 2004 tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà, bí ìbẹ̀rù bá mú kí ọmọ kan kọ ilé-ìwé sílẹ̀, wọ́n ti gba ẹ̀tọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Abala 50 fún òṣìṣẹ́ ìdàgbàsókè ọmọdé, ọlọ́pàá tàbí ẹlòmíràn tí ó ní àṣẹ ní agbára láti mú ọ̀ràn ọmọ tí ó nílò ìtọ́jú àti ààbò wá síwájú ilé-ẹjọ́.

Ọmọ tí ń fòòró ẹlòmíràn

Òfin kan náà sọ pé a kò gbọ́dọ̀ mú ọmọdé gba ọ̀nà ìdájọ́ ọ̀daràn tí àgbàlagbà ń gbà (abala 204). Ẹ̀ka ọlọ́pàá tí a kọ́ nípa ọ̀ràn ọmọdé ni ó yẹ kí ó bójútó o (abala 207). A sì fún ọlọ́pàá àti agbẹjọ́rò ìjọba láyè láti parí ọ̀ràn tí kò le púpọ̀ láìgbé e dé ilé-ẹjọ́, nípa ìlàjà, ìmọ̀ràn tàbí sísan ohun tí ó bàjẹ́ padà (abala 209). Bí ó bá tilẹ̀ dé ilé-ẹjọ́, a kì í lo ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ọ̀daràn àgbàlagbà fún un (abala 213). A kò sì gbọ́dọ̀ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n tàbí kí a pàṣẹ pé kí wọ́n nà án ní ẹgba (abala 221).

Èyí kò túmọ̀ sí pé ọmọ náà bọ́ lọ́wọ́ ojúṣe. Abala 19 ka ojúṣe tí ọmọdé ní sí ẹbí àti àwùjọ rẹ̀, abala 20 sì ní kí àwọn òbí àti alágbàtọ́ kọ́ ọmọ ní ìwà tí yóò mú kí ó lè ṣe ojúṣe náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ọmọ tí ń fi ìyà jẹ ẹlòmíràn ti rí ìyà níbòmíràn. Ìwádìí òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn nípa ilé tí ọmọ náà ti wá wà lára ohun tí ilé-ẹjọ́ máa ń gbé yẹ̀ wò.

Àṣírí ọmọdé àti íntánẹ́ẹ̀tì

Abala 8 dáàbò bo àṣírí ọmọdé. Abala 205 sì fi òfin de títẹ ohunkóhun tí ó lè jẹ́ kí aráyé dá ọmọ tí ó wà nínú ìgbẹ́jọ́ mọ̀. Ọmọ tí ó fi fídíò ìfòòró sí orí íntánẹ́ẹ̀tì ti fi ìyà kejì kún ti àkọ́kọ́. Àgbàlagbà tí ó ń pín in kiri, kódà nítorí àánú, ń ṣe àfikún sí i, nítorí ojú ọmọ náà yóò wà nínú fídíò náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òfin Ìwà Ọ̀daràn orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015, tí a tún ṣe ní ọdún 2024, ní abala kan (abala 24) lórí fífi ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù.

Ẹgbẹ́ òkùnkùn

Ní àwọn àdúgbò kan ní Agége, Mushin àti àyíká wọn, ìfòòró a máa di ọ̀nà tí a fi ń fa ọmọ wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn: ọmọ tí wọ́n ń lù á darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kan kí ó lè rí ẹni gbèjà rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú buwọ́ lu òfin tí ó gbé ẹ̀wọ̀n ọdún 21 kalẹ̀ fún ẹni tí ó bá ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn. Kò mọ́ sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga nìkan bíi ti àtẹ̀yìnwá. Gbogbo ará ìlú ni ó kàn. Síbẹ̀, ọ̀nà ìdájọ́ ọmọdé ni a gbọ́dọ̀ fi bójútó ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń mú òfin ṣẹ

Àwọn ọ́fíìsì tí ó kàn jù lọ nínú ọ̀ràn yìí wà ní Ìkẹjà, Maryland àti Agége. Alausa ní Ìkẹjà ni iléeṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ àti ìgbáyé-gbádùn àwùjọ wà. Ilé-Ẹjọ́ Ẹbí, tí òfin dá sílẹ̀ ní ìpele gíga àti ìpele májísíréètì (abala 149 àti 150), ń jókòó ní Ìkẹjà pẹ̀lú. Ní Orégùn, tí ó wà ní Ìkẹjà bákan náà, ni ibùdó àtúnṣe ìwà fún àwọn ọmọkùnrin wà, ti àwọn ọmọbìnrin sì wà ní Ìdí-Àràbà.

Ní ti ilé-ìwé, ìjọba Èkó pín ìpínlẹ̀ náà sí ẹkùn ẹ̀kọ́ mẹ́fà. Maryland ni olú ọ́fíìsì Ẹkùn Kejì wà, tí ó ń bójútó àwọn ilé-ìwé girama ìjọba ní Kòsọ̀fẹ́, Ṣómólú àti Ìkòròdú. Ẹkùn Kìíní wà ní Agége, ó sì ń bójútó Agége, Àlímọ̀ṣọ́ àti Ìfàkọ̀-Ìjàyè. Ìkẹjà fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ Ẹkùn Kẹfà, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Òṣòdì. Òbí tí ilé-ìwé ìjọba kò bá dá lóhùn lè mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì ẹkùn rẹ̀. Ọ́fíìsì tí ń ṣe àyẹ̀wò ìpele ẹ̀kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó ń bẹ ilé-ìwé ìjọba àti ti aládàáni wò.

Ní ọdún 2016, Gómìnà Akínwùnmí Àmbọ̀dé fọwọ́ sí àṣẹ kan tí ó dá ètò ààbò ọmọdé sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Gẹ́gẹ́ bí ètò náà ti là á kalẹ̀, ilé-ìwé àti ilé-iṣẹ́ mìíràn tí ń bá ọmọdé ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìlànà ààbò ọmọdé tí a kọ sílẹ̀. Àjọ tí ń gbógun ti ìwà ipá abẹ́lé àti ti ìbálòpọ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ikọ̀ kan ní ọdún 2014 tí ó sì di àjọ lábẹ́ òfin ní ọdún 2021, tún ń gba ẹ̀sùn ìlòkulò ọmọdé. Nígbà tí ewu bá wà lójú ẹsẹ̀, nọ́ńbà pàjáwìrì Ìpínlẹ̀ Èkó ni 112 àti 767.

Àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó gba àfiyèsí

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ọmọkùnrin kan tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Dowen College, Lekki, kú. Ẹbí rẹ̀ sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n jù ú lọ ni wọ́n lù ú. Ilé-ìwé náà sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìjọba Èkó ti ilé-ìwé náà pa fún ìgbà díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ọ́fíìsì tí ń darí ìpẹ̀jọ́ ìjọba sọ pé ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ kò tó láti fi pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lẹ́jọ́. Ìwádìí kọ́rónà wáyé ní Ẹ̀pẹ́, ní ọdún 2024 ni ó sì parí pẹ̀lú ìdájọ́ pé àìsàn ni ó fa ikú ọmọ náà. Kí ìwádìí tó parí, orúkọ àti àwòrán àwọn ọmọ ní ìhà méjèèjì ti tàn káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà mú kí ọ̀rọ̀ ìfòòró di ohun tí gbogbo ilé ń sọ. Ó sì fihàn bí ó ti ṣòro tó láti mọ òtítọ́ nígbà tí kò bá sí àkọsílẹ̀ tí a ṣe ní àsìkò tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, fídíò kan tàn káàkiri, nínú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé aládàáni kan ní Àbújá ti ń gbá ọmọbìnrin ẹgbẹ́ wọn létí léraléra. Wọ́n ti ilé-ìwé náà pa fún ọjọ́ mẹ́ta, mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin sì lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ mìíràn wà níbẹ̀ nígbà tí ìwà náà ń lọ lọ́wọ́. Fídíò ni ó jẹ́ kí àwọn tí ó wà lóde gbọ́.

Ìdènà

Ní òpin ọdún 1982, ọmọkùnrin mẹ́ta pa ara wọn ní Norway, tí ìfòòró sì jẹ́ ohun tí a fura sí pé ó fà á. Ní ọdún 1983, ìjọba orílẹ̀-èdè náà bẹ̀rẹ̀ ètò káàkiri àwọn ilé-ìwé. Láti inú rẹ̀ ni Olweus ti gbé ìlànà kan jáde tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti lò láti ìgbà náà: kí àwọn àgbàlagbà máa wà níbi tí ìfòòró ti ń ṣẹlẹ̀, kí òfin kíláàsì ṣe kedere, kí a bá ọmọ tí ó ṣẹ̀ àti èyí tí a ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí àwọn òbí sì mọ̀ sí i.

Àwọn àmì tí òbí tàbí olùkọ́ lè rí ni pé ọmọ kò fẹ́ lọ sí ilé-ìwé mọ́, aṣọ tàbí ìwé rẹ̀ ń ya tàbí ń sọnù, ebi máa ń pa á bí ó tilẹ̀ gba owó oúnjẹ, kò sùn dáadáa, tàbí ọgbẹ́ wà ní ara rẹ̀ tí kò lè ṣàlàyé. Bí ọmọ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ohun àkọ́kọ́ ni kí a gbọ́ ọ tán láìbá a wí. Lẹ́yìn náà ni kí a kọ ọjọ́, ibi àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí a fi àwòrán ọgbẹ́ tàbí ọ̀rọ̀ orí fóònù pamọ́, kí a sì fi ìwé sùn ní ilé-ìwé, torí pé ẹ̀sùn tí a fi ẹnu sọ rọrùn láti gbàgbé. Bí ilé-ìwé kò bá dáhùn, ọ́fíìsì ẹkùn ẹ̀kọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn ni ó kàn. Bí ọmọ bá farapa, ilé ìwòsàn ni kí a kọ́kọ́ gbé e lọ.

Àwọn ìṣòro àti àríyànjiyàn

Àwọn kan gbà pé ó yẹ kí òfin dárúkọ ìfòòró kí ó sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí pé olùkọ́ tí kò mọ orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ kì í tètè kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn mìíràn sọ pé òfin tí ó wà nílẹ̀ ti tó, ìmúṣẹ rẹ̀ ni kò tó.

Ìdílọ́wọ́ mẹ́ta ni ó hàn jù. Èkíní ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pe ọmọ tí ó bá fi ẹjọ́ sùn ní olófòófó, èyí tí ó mú kí ọ̀pọ̀ dákẹ́. Èkejì ni pé ilé-ìwé lè máa ṣọ́ orúkọ rere rẹ̀ ju ọmọ lọ, tí àwọn òbí sì máa ń fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí ní ìtùbí-ìnùbí láìsí àkọsílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹgba. Àwọn alátakò nínà ọmọ sọ pé ilé-ìwé tí àgbàlagbà ti ń fi agbára yanjú ọ̀rọ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ pé ẹni tí ó lágbára ni ó ní ẹ̀tọ́. Àwọn tí wọ́n fara mọ́ nínà sọ pé ìbáwí ni, kì í ṣe ìfòòró.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnì kan ní ń bí ọmọ, igba ènìyàn ní ń wò ó. Òfin ti ka àwọn igba ènìyàn náà lẹ́sẹẹsẹ: òbí, olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn, ọlọ́pàá àti adájọ́. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nínú wọn títí tí ẹnì kan, tí ó sábà máa ń jẹ́ ọmọ mìíràn tí ó wà níbẹ̀, yóò fi sọ ohun tí ó rí.

Ẹ tún wo

Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Nàìjíríà
Ètò ẹ̀kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó
Ìkẹjà
Agége